Ohun Tí Ojú Rí Lẹ́yìn Dígí

Mùlíkàt gbé tíì wọ ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n Adépéjú Bánjọ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2016, ó sì kọ́kọ́ rò pé obìnrin náà ń gbàdúrà ni. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò pa ilẹ̀kùn dé, yóò kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, yóò gbé iwájú orí lé ìjókòó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni iwájú orí náà wà, ẹ̀jẹ̀ sì ti abẹ́ gèlè rẹ̀ ṣàn wọ inú kápẹ́ẹ̀tì. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ Mùlíkàt. Igbe tó ké jí ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Báyìí ni wọ́n ṣe rí òkú olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ẹbí àti Ìdàgbàsókè Ọmọ Ènìyàn ní Yunifásítì Ìmọ́lẹ̀, lẹ́bàá Gwarinpa ní Àbújá. Nínú ẹ̀ka yìí ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí tọkọtaya ṣe lè gbé pọ̀ láìjà àti bí a ṣe ń tọ́ ọmọ láìfi ìkanra bà á jẹ́. Obìnrin ló dá a sílẹ̀, obìnrin ló ń darí rẹ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn obìnrin náà ti ń kí ara wọn láìwo ojú ara wọn.

Inspẹ́kítọ̀ Démiládé Babátọ́pẹ́ dé pẹ̀lú Sájẹ́ǹtì Tájù nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù. Ọmọ Kàbà ni Inspẹ́kítọ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Àdúrà kan náà ló máa ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ibikíbi tí òkú bá wà: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n mú ẹni tí kò ṣe é." Kò tíì ṣe àmín tán tó fi gbọ́ ìró ìgbátí.

Dókítà Jemimah Bámiṣayọ̀, olùkọ́ àgbà kan nínú ẹ̀ka náà, ló gbá Mùlíkàt létí. Ó fún un lọ́rùn aṣọ lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Apànìyàn! Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ lo pa! Ẹni tó ní kí o máa pọn ọmọ rẹ wá síbi iṣẹ́!"

"Mi ò pa wọ́n, Dókítà! Mo fi Ọlọ́run Ọba búra, mi ò pa wọ́n!"

"Ta ló ni bọ́kẹ́ẹ̀tì? Àbí èmi ni mo ń nulẹ̀ níbí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Inspẹ́kítọ̀ wí.

"Ìwọ ta nìyẹn?"

"Ọlọ́pàá. Bí ẹ bá tún gbá a, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ gbé sọ́kọ̀."

Dókítà Jemimah tú ọwọ́ rẹ̀. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ọmọ Èkìtì, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni ti pàṣẹ fún un láti ọjọ́ pípẹ́.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wí wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Lábẹ́ àkísà tútù inú rẹ̀ ni máígádì ti rí ọmọ ọlọ kan, òkúta dúdú tó tóbi tó ìkúùkù méjì, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka ló mọ òkúta náà. Ilé ìdáná ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbé e wá lọ́jọ́ tó di olórí, òun ló sì fi ń dá ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ dúró. Ó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ata tí ìyá òun fi òkúta yìí lọ̀ ló rán òun níwèé.

Nínú ọ́fíìsì, obìnrin kejì wà lórí ìkúnlẹ̀. Dókítà Fẹ́rànmí Akínjídé ni, igbákejì olórí ẹ̀ka, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló bí i. Ó káwọ́ lérí, ó ń ki olóògbé.

"Adépéjú Àbẹ̀kẹ́! Àtùpà tí kì í jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Arẹwà tó jókòó láàárín ìwé bí ẹni jókòó láàárín ọmọ. A-bá-ọmọ-ọlọ́mọ-sunkún-bí-ẹni-tó-bí-i! Ta ló pa màmá mi?"

Oríkì náà dùn. Ó ń jáde létòlétò, kò fọ́, kò ta kókó lọ́fun. Inspẹ́kítọ̀, tó ti gbọ́ ẹkún púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kíyè sí i.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ni.

"Démiládé, ọ̀gá àgbà fásitì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò fẹ́ kí àwọn oníròyìn dé bá wa lẹ́nu rẹ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, kí obìnrin yẹn ti wà ní àtìmọ́lé. Òkúta wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kí lo tún ń wá?"

"Ẹni tó gbé e síbẹ̀, sà."

"Aago mẹ́rin!"

* * *

Inspẹ́kítọ̀ mú Mùlíkàt lọ sí Ilé Ọmọdé tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ, tó sì ń nulẹ̀. Yàrá ńlá kan ni, ẹní àti ohun ìṣeré kún inú rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ, àwọn ọlọ́dún mẹ́ta sí mẹ́rin, ló ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ̀ka lè máa fi wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Dígí gbàǹgbà kan bo odindi ògiri kan. Ẹni tó bá wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ, ara rẹ̀ ni yóò rí nínú dígí náà. Ṣùgbọ́n yàrá kóńkóló kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn kì í tan iná sí. Láti ibẹ̀ ni olùkọ́ ti ń rí gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sókè ẹnu ọ̀nà yàrá náà: KỌ OHUN TÍ OJÚ RẸ RÍ. MÁ KỌ OHUN TÍ O MỌ̀.

"Ta ló kọ ìyẹn, Ìyá Súlè?" Inspẹ́kítọ̀ béèrè. Ó ti gbọ́ pé Sùlàímọ́nù ni orúkọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Wọ́n ní bí ọmọ bá ń sunkún, kí wọ́n kọ ọ́ pé ó ń sunkún. Kí wọ́n má kọ ọ́ pé ebi ló ń pa á. Ta ló bá wọn rí ebi?" Mùlíkàt nu ojú. Àpá ìka márùn-ún ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Wọn ò bú mi rí, Màdáámù. Ọdún méjì."

"Níbo lo wà láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá?"

"Níbí. Mi ò yọ ẹsẹ̀ síta. Èmi nìkan ni mo máa ń wà pẹ̀lú wọn títí di mọ́kànlá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Anwar kò tiẹ̀ jẹ́ kí n mí."

"Ta ni Anwar?"

Mùlíkàt na ọwọ́ sí ojú fèrèsé. Ṣòkòtò péńpé kan àti ẹ̀wù kékeré kan wà lórí okùn nínú oòrùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. "Ẹrúukú yẹn. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ gbé e dé ni ó gbé ike omi, ó ní òun ń wẹ màlúù. Orí ara rẹ̀ ló da gbogbo ẹ̀ lé. Ó rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un. Mo pààrọ̀ aṣọ fún un, ó tún lọ wá omi mìíràn."

"Ta ló lè jẹ́rìí pé o kò jáde?"

Ojú Mùlíkàt tàn díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹni tó wà lẹ́yìn dígí! Dókítà Fẹ́rànmí ló ni Ọjọ́bọ̀. Wọ́n á ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n, Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ta ni yóò fún Súlè lọ́mú? Oṣù mẹ́jọ péré ni. Mi ò ní ẹnì kankan ní Àbújá yìí. Ará wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Tájù wo ilẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ ní, "N ó bi wọ́n."

* * *

Ọ́fíìsì Dókítà Fẹ́rànmí mọ́ tónítóní. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ohùn rẹ̀ tutù, báàgì aláwọ ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ó ń dùn mí, Inspẹ́kítọ̀. Mo fẹ́ràn Mùlíkàt. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí màmá kọ́ wa kò fàyè gba irọ́." Ó na ìwé kan sí i. "Mo wà lẹ́yìn dígí láti mẹ́wàá títí igbe fi ta. Ohun tí mo rí nìyí."

Inspẹ́kítọ̀ kà á. Wọn kì í kọ orúkọ ọmọ síbẹ̀, nọ́ńbà ni. Gbogbo ìlà rẹ̀ lọ tààrà. Ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó kọ ọ́ pé: *Olùtọ́jú jáde.* Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: *Olùtọ́jú wọlé. Ó ń nu ọwọ́.*

Tájù mí kanlẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí Mùlíkàt ní ti tì í sínú kòtò.

Inspẹ́kítọ̀ ṣì ń kà. Ọmọ kìn-ín-ní ń to búlọ́ọ̀kù. Ọmọ kẹrin ń bá ọmọ kẹfà fa bọ́ọ̀lù. Ohun tí ọmọdé ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé ni. Ọ̀kan péré ló yàtọ̀: *Ọmọ keje dá jókòó. Kò ṣeré. Ó fi àtàǹpàkò sẹ́nu, ó ń sunkún.* Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan.

"Ṣé ẹ lè yá mi níwèé yìí?"

"Tiyín ni," Dókítà Fẹ́rànmí dáhùn. "Kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó jìyà púpọ̀."

* * *

Dókítà Jemimah kò dìde fún wọn.

"Ẹ ti gbé apànìyàn yín, kí lẹ tún ń bi mí?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti olóògbé kì í jẹun pọ̀."

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé kí n wá purọ́ nítorí pé ó kú? Alágídí ni. Ìparí oṣù yìí ni ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé Fẹ́rànmí ló fẹ́ gbé àga náà fún. Fẹ́rànmí tó ń gbé báàgì rẹ̀, tó ń kí i lórí ìkúnlẹ̀, tó kọ́ oríkì rẹ̀ sórí. Èmi kì í gbé báàgì ẹnikẹ́ni."

"Níbo lẹ wà ní aago mẹ́wàá?"

"Kíláàsì. Ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń kọ́ nípa ìfẹ́ nínú ilé. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Inspẹ́kítọ̀ tẹ́ ìwé Dókítà Fẹ́rànmí sórí tábìlì. Dókítà Jemimah wò ó, ó sì yínmú.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Orí ìwé báyìí la jà sí. Mo sọ fún Bánjọ lọ́dún tó kọjá pé ìwé ọmọ rẹ̀ ti dára jù. Kò sí ọmọ tó ń ṣe bí ìwé ẹ̀kọ́ ṣe wí fún odindi ọdún méjì. Ó bínú, ó ní ìlara ń ṣe mí. Oṣù mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tó pè mí, tó ní kí n kó ìwé àtijọ́ tèmi wá. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe."

"Ẹ mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ Mùlíkàt lẹ lọ gbá létí?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú obìnrin náà yẹ̀. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo rí," ó wí.

"Ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú ìwé àtijọ́ yín."

* * *

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn dígí, ó ní kí Tájù pa ilẹ̀kùn. Òkùnkùn mú wọn. Lódìkejì dígí, àwọn ọmọ ń fò sókè nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹja inú omi. Inspẹ́kítọ̀ mú bíró, ó ń wò wọ́n, ó ń kọ ohun tó rí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n jáde. Ìlà tó kọ wọ́ lọ, ó wọ́ bọ̀. Ìkejì gun orí ìkíní. Ti Dókítà Jemimah náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó jọ ìrìn aláǹgbá.

"Kai!" Tájù pariwo. "Ti Dókítà Fẹ́rànmí tààrà bí títì Gwarinpa!"

"Ìyẹn sọ pé kò kọ ọ́ síbí. Kò tíì sọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ó lè ní òun tún un kọ ni." Ó yà sọ́dọ̀ Mùlíkàt. "Ta ni ọmọ keje?"

"Anwar ni."

"Ṣé Anwar sunkún láàárọ̀ yìí?"

"Anwar?" Mùlíkàt wò ó bí ẹni pé ó ń fi òun ṣẹ̀sín. "Màdáámù, mo ti sọ fún yín. Òsúkè ẹ̀rín ni."

Inspẹ́kítọ̀ tún ṣí ìwé náà. Àwọn ọmọ mẹ́jọ. Bí ènìyàn bá fẹ́ fi irọ́ kún ìwé, kí ló dé tí yóò fi mú ọ̀kan, ọ̀kan náà ṣáá, tí yóò fi ẹkún sí i lójú? Ó gba nọ́ńbà ìyá ọmọ náà, Mùfúlíátù, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Wuse. Ìró ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ mi?"

"Ó wà ní àlàáfíà, ó ń ṣeré. Ọlọ́pàá ni mí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mò ń wádìí. Ṣé ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí tó lè bà á nínú jẹ́?"

"Ìyá mi ló kú, Màdáámù. Inú kéké la wà, èmi àti Anwar, tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí láti Ìlọrin. Ọ̀nà ni mo wà yìí, a ti dé Lọ́kọ́ja. Ìyá mi ló tọ́ Anwar títí di ọdún tó kọjá."

"Ṣé ọmọ náà mọ̀?"

"Ọmọ ọdún mẹ́ta? Ta ló máa túfọ̀ fún ọmọdé? Mo ní mò ń lọ ra bàtà fún un."

"Ta lẹ sọ fún níléèwé?"

"Màmá Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Mo ti fi Anwar lé Mùlíkàt lọ́wọ́ kí n tó wọlé tọ̀ wọ́n. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ni. Mo ní àbúrò mi ni yóò wá mú un ní aago mẹ́rin. Wọ́n bá mi sunkún. Wọ́n ní àwọn kò ní sọ fún ẹni tó ń wò ó, kí ẹni náà má baà máa wá ìbànújẹ́ lójú ọmọ tí inú rẹ̀ ń dùn."

"Kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì?"

"Rárá. Omi ń dún nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn wọn, àfi bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti pa ẹ̀rọ."

Inspẹ́kítọ̀ kò ní ọkàn láti sọ ikú kejì fún un lójú ọ̀nà. Ó ní kí Ọlọ́run tu ìdílé wọn nínú, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá.

* * *

Wọ́n ti mú àwọn ọmọ yòókù lọ. Anwar nìkan ló kù nínú Ilé Ọmọdé pẹ̀lú Mùlíkàt, tó jókòó sórí ẹní, tó ń fún Súlè lọ́mú, ojú rẹ̀ lórí aago ògiri. Lẹ́yìn dígí, nínú òkùnkùn, Inspẹ́kítọ̀ dúró pẹ̀lú Dókítà méjèèjì. Tájù dí ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ kó wa wá síbí ṣe?" Dókítà Jemimah ń kùn. "Ẹ ní kí a wá wo ọmọ?"

"Ẹ̀yin Dókítà Fẹ́rànmí," Inspẹ́kítọ̀ wí, "ìwé yín ni yóò gbé obìnrin yẹn lọ kóòtù. Mo fẹ́ kí ó dá mi lójú. Ṣé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀?"

"Bí mo ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́."

"Ọmọ keje sunkún?"

"Gan-an."

Dókítà Jemimah bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní adùn. "Anwar? Ọmọ tó ṣubú láti orí àga lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó dìde, tó ń jó? Fẹ́rànmí, o ò mọ̀ wọ́n mọ́. O kì í wá síbí. Inú ọ́fíìsì rẹ lo ti ń hun ìtàn."

"Ẹ má dójú tì mí níwájú ọlọ́pàá!"

"Ojú wo lo ní? Ọmọ yẹn kì í sunkún!"

"Ẹ̀yin lẹ ò mọṣẹ́!" Ohùn tútù náà ti gbóná. "Ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ò mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe! Ọmọ tí ìyá àgbà tó tọ́ ọ kú láàárọ̀, yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, kò ní ṣeré, yóò mu ọwọ́! Ó wà nínú ìwé kíkà!"

Ìró ẹ̀rín ọmọdé kan wọlé láti òdìkejì dígí.

"Ìyá àgbà wo?" Dókítà Jemimah béèrè. Lóòótọ́ ni kò mọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ ní, "Ìyá Anwar sọ ọ̀rọ̀ ikú yẹn fún ènìyàn kan ṣoṣo nínú ọgbà yìí, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti pa á. Olóògbé ní òun kò ní sọ ọ́. Mùlíkàt kò mọ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ wà lẹ́yìn dígí yìí ní àkókò yẹn, ta ló sọ fún yín?"

Dókítà Fẹ́rànmí yíjú sí ẹnu ọ̀nà, Tájù ṣì dí i.

"Ẹ wà nínú yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ẹ̀rọ omi ń dún. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ gbọ́. Lẹ́yìn tí ẹ pa á tán, ẹ rìn gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ ki òkúta bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Ẹ wá jókòó sídìí tábìlì yín nínú ìmọ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà yín fi tọ́. Ẹ ò wo ọmọ kankan. Àwọn ọmọ mìíràn, ẹ kọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ti Anwar, ẹ kọ ohun tí ìwé ní ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń ṣe. Ẹ gbàgbé pé ní ilé wa, a kì í túfọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ sọ fún un pé òun ń lọ ra bàtà. Gbogbo wákàtí tí ẹ fi ń sunkún fún un lórí ìwé, ó ń da omi lé ara rẹ̀ lórí, ó ń rẹ́rìn-ín. Aṣọ rẹ̀ wà lórí okùn níta. Bí ẹ bá wo ojú dígí ní ìṣẹ́jú kan péré, ẹ̀ bá rí i." Ó na ìwé àti bíró sí i. "Ẹ wò ó nísinsìnyí. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí."

Lódìkejì, Anwar ti gbé ike lé orí bí fìlà. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń yọ ahọ́n sí ara rẹ̀. Ahọ́n náà dojú kọ Dókítà Fẹ́rànmí gan-an.

Bíró bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tájù ti gba báàgì aláwọ tó gbé kọ́ èjìká, ó sì ti ṣí i níwájú ìmọ́lẹ̀ dígí. Fáìlì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n sí lára, ìwé ìwòye ọdún méjì ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn ló tọ́, gbogbo wọn ni wọ́n fi bíró pupa fa ìlà yí ká. Lẹ́tà kan wà lókè wọn sí ìgbìmọ̀ àgbà fásitì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò tíì fọwọ́ sí i.

"Ọdún méjìlá," Dókítà Fẹ́rànmí wí. Ohùn rẹ̀ wá fọ́ wàyí. "Mo gbé báàgì rẹ̀ fún ọdún méjìlá. Ó ní òun kò lè gbé àwọn ọmọ lé òpùrọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun á gbé àga náà fún èyí, èyí tí kì í kí i! Mo bẹ̀ ẹ́ títí mo fi ń sunkún. Nígbà tí ìyá ọmọ yẹn kan ilẹ̀kùn, ó ní kí n wọ yàrá kékeré lọ bọ́jú, kí òbí má baà rí olùkọ́ níbi tó ti ń sunkún. Mo jáde, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní, 'Fẹ́rànmí, n kò lè yí ìyẹn padà, àmọ́ jẹ́ kí n gbàdúrà fún ọ.' Ó kúnlẹ̀. Òkúta yẹn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Dókítà Jemimah fara ti ògiri. "Ó ń gbàdúrà fún ọ lọ́wọ́?"

"Ẹ má wò mí! Ẹ̀yin lẹ ni àga báyìí. Ẹ jókòó sí i kí ó dùn mọ́ yín!"

Tájù mú un lọ́wọ́.

* * *

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Inspẹ́kítọ̀ wọ Ilé Ọmọdé. Mùlíkàt dìde, ó ti pọn Súlè, ó sì ti di aṣọ ọmọ kan àti ike omi sínú ọ̀rá, bí ẹni tó mọ̀ pé àtìmọ́lé ló ń lọ.

"Tú ẹrù rẹ, Ìyá Súlè," Inspẹ́kítọ̀ wí. "O kò jáde. Mo ti mọ̀."

Mùlíkàt rọra tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Anwar wá fa ìró rẹ̀, ó ń bi í bóyá wọ́n ti ra bàtà òun dé.

Dókítà Jemimah wà lẹ́nu ọ̀nà. "Mùlíkàt, má bínú."

Obìnrin náà nu ojú, ó sì wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méjì tí kò wolẹ̀ bá a sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe inú yàrá lẹ ti gbá mi létí, Dókítà."

Ojú Dókítà Jemimah le, àfi bí ẹni tó fẹ́ bú u. Ó wá yí padà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì kún sí, níbi tí Tájù ti ń mú Dókítà Fẹ́rànmí lọ níwájú wọn. Ohùn tó fi pariwo apànìyàn láàárọ̀ náà ló tún gbé sókè.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín! Mùlíkàt kò pa ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Mo gbá a létí lásán, mo sì bẹ̀ ẹ́."

Mùlíkàt gbọ́ ọ láti inú ilé. Ó ká aṣọ Anwar kúrò lórí okùn, ó ti gbẹ. Ó jókòó sílẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà, bọ́tìnnì kan lẹ́yìn èkejì, kí àbúrò ìyá rẹ̀ má baà bá a nínú aṣọ aláṣọ.